Ìṣàn Ẹ̀yìn Oko Wa: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Omi Náà Ṣì Dára fún Ẹja

Ọ̀rọ̀ kan jáde ní ìpàdé tó kọjá tí a kò rí àyè sọ tán. Àwọn tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn létí ìṣàn tó gba ẹ̀yìn Under G kọjá sọ pé omi náà ti ń rùn, pé ẹja rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn ìyá wa tí ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ dá wọn lóhùn pé kò sí ohun tó ṣe omi, àwọn ṣì rí àrọ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bí ariwo ṣe ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó ní bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gba owó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti àrọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó rí àrọ̀ kò tíì rí ẹ̀rí pé omi dára. Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí rẹ̀ tó fi lè yọ ẹnu sókè kí ó gbé afẹ́fẹ́ mì bíi tiwa. Ṣé ẹ rí bí àwọn ọlọ́jà ẹja ṣe ń kó o sínú agbada pẹ̀lú omi díẹ̀, tí yóò wà láàyè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Nítorí náà ni. Ẹpíyà náà a máa fara da ìyà díẹ̀. Ẹja bí ọ̀bọ̀kún kò ní irú ẹ̀bùn ti àrọ̀ yẹn, inú omi nìkan ni ó ti ń mí. Tí irú wọn bá ti sá tán, tó ku àrọ̀ nìkan, omi náà ti ń ṣàìsàn. Kí a sì wo ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Bí a bá rí ẹja ńlá mẹ́ta mẹ́rin tí a kò rí ọmọ wẹ́wẹ́ kankan lásìkò òjò, ó ṣeé ṣe kí ìkún omi ló gbé wọn wá láti ibòmíràn, kí ó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí.

Afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí wà nínú omi bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀, a kò rí i ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Omi tútù a máa gbà á ju omi gbígbóná lọ. Líta omi kan tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì lè gba bíi mílígíráàmù 9. Tí ooru rẹ̀ bá di 30, kò lè gbà ju bíi 7½ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹja sì ń fẹ́ tó 5 kí ara wọn tó balẹ̀. Ẹ wá ro ti ìṣàn kékeré ní oṣù kejì, tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, tí a ti gé igi etí rẹ̀ dáná, tí oòrùn ń bọ́ lù ú tààrà. Ẹja ibẹ̀ ti wà létí bèbè kí ẹnikẹ́ni tó da nǹkan sí i. Ohunkóhun tó bá wá jẹrà nínú rẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́, tàbí àjẹkù oúnjẹ láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, inú afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn náà ni yóò ti máa bù mu.

Ajílẹ̀ ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Tí òjò bá gbá a wọ inú omi, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yóò bo orí omi. Lọ́sàn-án ó ń fún omi ní afẹ́fẹ́; lóru ó ń gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìdájí ni ó dára jù láti lọ wo ẹja. Bí ẹ bá bá wọn tí wọ́n ń la ẹnu lórí omi ní agogo mẹ́fà àárọ̀, afẹ́fẹ́ ti tán nísàlẹ̀ nìyẹn.

Ní ti omi ẹ̀gẹ́, kò yẹ kí a máa bá ara wa jiyàn. Ta ni kò mọ̀ pé ewúrẹ́ tó bá mu omi ẹ̀gẹ́ lè kú? Májèlé tó pa ewúrẹ́ kò ní ṣàánú ẹja. Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fùfú tàbí láfún mọ́ o, iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé nínú ẹgbẹ́ wa ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a rẹ ẹ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí a sì da omi rẹ̀ sínú kòtò tó jìnnà sétí odò àti sí kànga.

Ọ̀nà àyẹ̀wò nìyí. A ó yan ibi mẹ́ta: òkè odò níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án, ibi tí a ń rẹ ẹ̀gẹ́ gan-an, àti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan náà ni a ó ṣe níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá wo ibì kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi wé e. A ó gbọ́ òórùn omi. A ó so àwo funfun mọ́ okùn, kí a sọ ọ́ sínú ibi jíjìn, kí a wọn ibi tí ojú wa kò ti rí i mọ́. Fàdá kan ní Róòmù, Angelo Secchi, fi àwo funfun yẹ òkun wò báyìí ní 1865, àwọn onímọ̀ omi sì ń lò ó títí di òní. Lẹ́yìn náà a ó yí òkúta padà, a ó fi asẹ́ gbọ́n ẹrẹ̀ àti koríko etí omi, a ó sì dà á sínú abọ́ funfun.

Inú abọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, nítorí ẹja lè sá lọ kí ó tún padà, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá kéékèèké kò lè sá. Tí a bá rí edé, alákàn, ọmọ lamilámi, àti kòkòrò pẹlẹbẹ kan tí ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ òkúta tó ní ìrù mẹ́ta, omi náà dára. Tí ó bá jẹ́ tánwíjí àti ìdin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kún ibẹ̀, omi náà ti bàjẹ́ gan-an. Tí òkè odò bá ní edé tí ìsàlẹ̀ kò sì ní, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, kò tún sí pé à ń wá ẹni tó jẹ̀bi ní afẹ́fẹ́.

Kí omi mọ́ lójú kò ní kí ó má ní kẹ́míkà. Àwọn àgbà wa rántí Gammalin, oògùn kòkò tí àwọn kan máa ń dà sódò láti fi pa ẹja. Ó ń pa ńlá, ó ń pa wẹ́wẹ́, ó sì ń wọ inú ara ẹni tó jẹ ẹ́. Líńdéènì ni ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì fohùn ṣọ̀kan ní 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, pé kí a má lò ó lóko mọ́. NAFDAC náà ti fòfin de páráákúàtì láti oṣù kìíní 2024, ó sì fòfin de átírásíìnì tí a ń fín sí oko àgbàdo láti oṣù kìíní 2025. Ẹni tí ẹnì kan bá wá rọ̀ láti ra èyí tó kù nílẹ̀ ní ẹ̀dínwó, kí ó rántí o jàre. Oògùn yòówù kí a lò, kí ẹnikẹ́ni má fọ pọ́ǹpù ẹ̀yìn nínú odò. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, bí wọ́n bá gbé ẹja rẹpẹtẹ wá lọ́pọ̀ tí kò ní ojú ìwọ̀ tàbí ojú àwọ̀n lára, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó.

Ohun kan tún kù. Omi tó dára fún ẹja kò dára fún mímu bẹ́ẹ̀. Àìsàn inú ìgbẹ́ kì í pa ẹja, ènìyàn ni ó ń pa. Nítorí náà kí àwọn tí ń fọ ẹ̀fọ́ nínú ìṣàn kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà dẹ́kun rẹ̀, kí wọ́n lo omi kànga tó ní ìdérí. Bí àwọn oníbàárà wa ní Under G bá gbọ́ pé ẹ̀fọ́ wa gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé, ọjà gbogbo wa ni yóò kú, títí kan ti ẹni tí kò fọ ẹ̀fọ́ níbẹ̀ rí.

Púpọ̀ nínú àwọn ìṣàn agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wọ́ lọ sínú Odò Ọbà, èyí tí a dí ní 1964 kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ọbà a sì lọ pàdé Ọ̀ṣun. Ní 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi Ọ̀ṣun, nítorí ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí àwọn awagóòlù. Kékeré ni tiwa ṣì jẹ́, ó ṣeé tún ṣe.

Ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn tó bá fẹ́ bá wa lọ pàdé wa létí afárá. Ẹlẹ́ja méjì, onífùfú méjì, ẹlẹ́fọ̀ọ́ méjì ni a ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé apá kan ló kọ ọ́. Ẹ mú bàtà òjò, asẹ́ àti abọ́ funfun dání. Okùn, àwo àti ìwé tí a ó kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ wa.