Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí drone bá pọ̀ lójú sánmà, ta ni yóò yà fún ta?

Ẹ̀yin ará Ṣáṣá, ariwo bàlúù kò ṣàjèjì sí wa. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ò jìnnà. Bàlúù tó ń balẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ NAMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ojú òfuurufú, ló ń darí rẹ̀.

Ti drone, bàlúù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, yàtọ̀. Èyí tó ń ya fídíò lóde ìyàwó, èyí tó ń gbé oògùn, àwọn tó ni wọ́n ò pa pọ̀, kálukú ló ń wá èrè tirẹ̀.

Báwo ni wọn ò ṣe ní kọlura?

✅ Kí drone tó gbéra, ilé-iṣẹ́ tó ni ín á fi ọ̀nà àti àkókò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.
✅ Ẹ̀rọ gbogbo wọn á bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà méjì bá pàdé, ẹni tó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ ló sábà máa ń ni ín. Èkejì á yí tirẹ̀ padà.
✅ Ìjọba á ṣòfin, á sì máa ṣọ́ wọn.

Lọ́dún 2024, FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gba ilé-iṣẹ́ drone Wing àti Zipline láàyè láti máa fò lọ́nà yìí ní agbègbè Dallas. Zipline yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi drone gbé oògùn ní Kàdúná lọ́dún 2022.

⚠️ Oníwọra lè gba ọ̀nà mẹ́wàá sílẹ̀, kó lo méjì péré. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ní kí wọ́n máa sanwó ọ̀nà tí drone bá pọ̀ sí.

Ní Nàìjíríà, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò kí ẹ tó gbé drone fò. Nítòsí pápákọ̀ bíi tiwa yìí, ẹ má dán an wò láìgbàṣẹ o!