Kí Ló Ń Kùn Nínú Ohùn Tí Ẹ Gbà Sílẹ̀?

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé físíìsì ni mò ń kà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù kì í ṣe ti òṣùpá tàbí ti ìràwọ̀. "Kí ló dé tí máìkì mi ń pariwo?" ni. Ẹni tó ń ṣe pọ́díkáàsì ń bèèrè, ẹni tó ń kọrin nínú yàrá ẹ̀ ń bèèrè, ẹni tó fẹ́ gba oríkì ìdílé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà náà ń bèèrè. Ti ẹni ìkẹyìn yìí ló máa ń ká mi lára jù. Olórin lè padà wá kọ orin ẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ọ̀la ò dájú fún ìyá ẹni ọdún 85.

Tí ariwo bá ti wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò ni pé ká lọ ra máìkì tuntun. Ẹ dúró ná. Máìkì kì í sábà jẹ̀bi.

Ẹ wo ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá. Ẹnu yín ń ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń mi awọ tín-ín-rín kan tó wà nínú máìkì, bí awọ ìlù ṣe máa ń mì tí wọ́n bá lù ú. Nínú máìkì tí wọ́n ń pè ní dynamic, awọ yìí so mọ́ wáyà wíwé kékeré kan tó wà láàárín òòfà. Tí wáyà bá ń mì níwájú òòfà, iná mànàmáná á jáde lára ẹ̀, Michael Faraday ló fi èyí hàn lọ́dún 1831. SM58 tí Shure gbé jáde ní 1966, tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn olórin káàkiri, irú ẹ̀ nìyẹn. Irú kejì ni condenser. Èyí ò ní òòfà. Awọ náà kọjú sí irin pẹlẹbẹ kan, iná wà láàárín àwọn méjèèjì, bí awọ ṣe ń sún mọ́ irin tó tún ń jìnnà sí i ni iná ọ̀hún ń yí padà. Condenser ti sítúdíò nílò iná 48 volt tó ń gba inú wáyà máìkì náà wọlé, òun ni phantom power. Máìkì kékeré tí ẹ ń há mọ́ ọrùn aṣọ, àbúrò condenser ni. James West, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ló ṣe irú ẹ̀ jáde ní Bell Labs ní 1962. Wọ́n ti há iná mọ́ inú ike tín-ín-rín ẹ̀, nítorí náà iná táṣẹ́rẹ́ láti ara fóònù ti tó o.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: iná tó ń jáde lára máìkì dynamic tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ sí i ò ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún volt lọ. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ńlá ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọgọ́rùn-ún kó tó wúlò. Ohunkóhun tó bá yọ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀, ẹ̀rọ á sọ òun náà di ńlá. Kò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ nínú wọn, kò mọ èyí tó jẹ́ àlè.

Bí mo ṣe máa ń wá a ò le rárá. Mo máa ń yọ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, mo á wá tẹ́tí. Ẹ yọ wáyà máìkì kúrò lára ẹ̀rọ: tí ariwo bá ṣì wà, máìkì ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn, wáyà ẹ̀ náà ti bọ́. Tí ẹ bá yọ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ariwo wá lọ, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é, á sì padà wá lọ́la.

Tí ohùn ò bá wọlé rárá, èyí ò gba àkókò. Ṣé ẹ tẹ bọ́tìnì 48V fún condenser? Ṣé kì í ṣe máìkì inú láptọ́ọ̀pù gan-an ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ kì bọ̀ ọ́? Ṣé ẹ gba áàpù náà láyè láti lo máìkì? Máìkì aṣọ ńkọ́, ẹ wo orí irin ẹ̀: ti fóònù máa ń ní ìlà dúdú mẹ́ta, ti kámẹ́rà máa ń ní méjì, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn. Tí ohùn bá wà ṣùgbọ́n tó ń dún bí ẹni pé ẹ wà nínú kànga, ẹ yí condenser yín padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe orí, ẹ sì lè ti máa sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀ láti àárọ̀.

Ariwo tó ń kùn bí oyin, tí kì í dáwọ́ dúró, ìyẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Iná NEPA tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni. Ẹ gbé ohùn yín sínú Audacity, kẹ́ ẹ lọ sí Plot Spectrum. Tí ẹ bá rí ṣóńṣó kan ní 50, òmíràn ní 100, òmíràn ní 150, ọwọ́ ti tẹ olè: iná ilé ni.

Báwo ló ṣe wọlé? Ó lè jẹ́ pé wáyà máìkì àti wáyà iná ni wọ́n jọ na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ yà wọ́n nípá. Àwọn tó ṣe wáyà XLR tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Wáyà méjì ló ń gbé ohùn kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gbé e ní òdìkejì. Ẹ fi wé Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n rán níṣẹ́: Táíwò ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí, Kẹ́hìndé ní kó dojú ẹ̀ bolẹ̀. Òjò ariwo tó bá pa wọ́n lójú ọ̀nà, bákan náà ló ń pa àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá délé, ẹ̀rọ á yọ ti Kẹ́hìndé kúrò lára ti Táíwò, ariwo á pa ara ẹ̀ rẹ́, ohùn á sì di ìlọ́po méjì. Tí ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì bá ti já nínú lọ́hùn-ún, ìbejì ti di ẹyọ kan, ìkùn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ mi ìdí wáyà náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ní sítúdíò kótópó ní Ìbàdàn ń gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọlọ́dẹ kan. Bàbá ti dé láti oko, ara wọn ti yá gágá, ni ọ̀rẹ́ mi bá pè mí pé nǹkan ń kùn, òun sì ti pààrọ̀ máìkì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó yọ wáyà máìkì. Ó ṣì ń kùn. Mo ní kó yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kó fi bátìrì ṣe é. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá ń bá ìjálá wọn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ki míkísà bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ki láptọ́ọ̀pù bọ òmíràn ní òdìkejì yàrá. Àwọn méjèèjì ní wáyà tó lọ sínú ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní earth, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibi kan àti ilẹ̀ ibi kejì kì í dọ́gba tán. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ohùn láti ara míkísà lọ sára láptọ́ọ̀pù wá so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó di òbìrípo, iná táṣẹ́rẹ́ sì ń yí po nínú ẹ̀. Ìyẹn ló ń kùn. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ orí extension kan náà, ó sábà máa ń tán níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì nítorí pé ẹnì kan ní ìkùn á lọ. Òótọ́ ni, ó lè lọ. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí iná pa yín tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Inverter olówó pọ́ọ́kú tún lè fa tiẹ̀. Dípò kí iná ẹ̀ máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbì omi, ńṣe ló ń fò bí àtẹ̀gùn, igun àtẹ̀gùn yẹn ló ń bí 150, 250, 350 Hz. Àti fóònù: tí-tí-tí tí ẹ ń gbọ́ kí ìpè tó wọlé, fóònù 2G ló ń ju ìgbì sáfẹ́fẹ́ ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáyà yín sì ń gbà á bí èrìàlì. Ẹ gbé e jáde nínú yàrá.

Kí ló dé tí mi ò fi sọ pé kẹ́ ẹ kàn fi sọ́fúwíà nu ìkùn náà nù? Nítorí èdè wa ni. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́: ìró ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn ọkùnrin sì sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180 Hz, àárín ibẹ̀ gan-an ni 100 àti 150 ti iná NEPA jókòó sí. Ẹ lè ní, ṣebí tẹlifóònù àtijọ́ máa ń gé ohun tó bá wà lábẹ́ 300 Hz dànù, a sì ń gbọ́ ara wa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn tó wà ní 120 ní àwọn ọmọ ní 240, 360, 480 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ wa á fi àlàfo àárín àwọn ọmọ yìí mọ ibi tí bàbá wọn wà, bí bàbá ò tilẹ̀ sí nílé. Nítorí náà, gígé 50 Hz nìkan ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí sọ́fúwíà nu ariwo kíkankíkan, àwọn ọmọ náà ló máa ń kó lọ. Èyí tó tún burú ni noise gate, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn tó bá rẹlẹ̀. Ìró ìsàlẹ̀ tó parí gbólóhùn Yorùbá máa ń rọ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ gan-an. Géètì á gé e, orúkọ baba ńlá yín á sì dúró láàbọ̀. Lójú tèmi, ìkùn díẹ̀ sàn ju oríkì tí wọ́n gé nídìí lọ.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ti wáyà, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ìgbì ohùn 100 Hz gùn tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí páálí ẹyin ara ògiri ò rí i bí nǹkan kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ò náwó: ẹ sún mọ́ máìkì. Tí ẹ bá gé jíjìnnà yín sí méjì, ohùn yín á fi 6 dB le sí i. Láti 40 sẹ̀ǹtímítà sí 10, ó di 12 dB, jẹnẹrétọ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Ẹ rọra yí máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Tí yàrá bá ń dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n, mátíràsì àti aṣọ nínú wọ́dúróòbù á mu ohùn ju páálí ẹyin lọ.

Ohun tí kò ní àtúnṣe gidi ni ohùn tó ga ju ẹ̀rọ lọ. Nínú kọ̀ǹpútà, 0 dB ni òrùlé, ohun tó bá kọjá ibẹ̀ ti gé lórí nìyẹn, ó á máa dún gbúrugbùru. Ẹni tó ń ki oríkì máa ń rọra bẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀ tó wú. Nítorí náà, ẹ má fi bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wọn gain. Ẹ ní kó kì í bí ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn, kí ibi tó ga jù wà nítòsí −12 dB. Tí ẹ bá fi 24 bit gbà á, ẹ má bẹ̀rù pé ó kéré, ẹ lè gbé e sókè tó bá yá.

Tí ẹ bá wá gbà á tán, tí ohùn bàbá dà bíi ti ọmọdé tó ń kánjú, ẹ má gba omijé láàyè. 44,100 Hz lẹ fi gbà á, 48,000 lẹ fi ń gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú kan á di ìṣẹ́jú-àáyá 55, ohùn á sì ga sókè. Nǹkan kan ò sọnù nínú ẹ̀. Nínú Audacity, ẹ tẹ orúkọ track náà, ẹ lọ sí Rate, kẹ́ ẹ yan 44100.