Apá Kejì Dà? Ẹni Tó Gé Ìtàn Sí Méjì Ti Jẹ Wá Ní Gbèsè

Kò sí ohun tó ń bí olólùfẹ́ fíìmù nínú tó kí ìtàn dùn dé góńgó, kí ọmọge ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó pa bàbá ẹ̀, kí wọ́n wá kọ ọ́ síwájú wa gàdàgbà pé ká máa retí apá kejì. Ní àdúgbò wa ní Ìgànmú níbí, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ju ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ. Àwọn kan á ní olè làwọn tó ń ṣe fíìmù. Àwọn kan á ní ọgbọ́n ajé ni, ẹni tó bá wù kó wò ó, ẹni tí kò bá wù kó fi í sílẹ̀.

Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Lójú tèmi, pípín ìtàn sí méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbèsè ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti gé ìtàn láàárín, ẹ ti yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó: owó rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀. Àwọn kan ń san gbèsè yìí dáadáa. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ gbé. Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti òkèèrè, torí ibẹ̀ ni ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwé Harry Potter jẹ́ méje, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ìwé tó kẹ́yìn, Harry Potter and the Deathly Hallows, ni wọ́n gé sí méjì: apá kìíní jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, apá kejì ní oṣù keje ọdún 2011. Àwọn kan kọ́kọ́ pariwo pé ojúkòkòrò ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà lé ní 600 ojú ìwé, oṣù mẹ́jọ péré làwọn èèyàn sì fi dúró. Nígbà tí apá kejì dé, ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ káàkiri àgbáyé. Wọ́n san gbèsè wọn, àwọn olólùfẹ́ náà sì dárí jì wọ́n.

Ohun tó tẹ̀lé e ló ba nǹkan jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù rí owó yẹn, ni gbogbo wọn bá mú ọ̀bẹ. Twilight gé ìwé tó kẹ́yìn sí méjì, 2011 àti 2012. The Hunger Games náà gé Mockingjay sí méjì, 2014 àti 2015, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ò tó 400 ojú ìwé. The Hobbit tó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, fíìmù mẹ́ta ni wọ́n fà á sí. Haba! Ẹ̀kọ abọ́ kan, wọ́n da omi sí i títí ó fi di abọ́ mẹ́ta.

Inú àwọn olólùfẹ́ Mockingjay ò dùn rárá. Apá kìíní ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Nígbà tí apá kejì dé, owó tó pa ò tó ti apá kìíní. Lọ́dún 2023, Francis Lawrence tó darí méjèèjì sọ fún ìwé ìròyìn People pé òun kábàámọ̀ pé àwọn gé e, torí ó ká àwọn èèyàn lára pé wọ́n fi odindi ọdún kan dúró. Nígbà tó wá ń ṣe The Ballad of Songbirds & Snakes, tí ìwé rẹ̀ gùn ju Mockingjay lọ, kò gbà kí wọ́n pín in. Fíìmù kan ṣoṣo tó lé ní wákàtí méjì àbọ̀ ló ṣe.

Èyí tó burú jù ni ti Divergent. Wọ́n ṣètò láti gé ìwé tó kẹ́yìn, Allegiant, sí fíìmù méjì. Àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2016, kò pawó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ní àwọn á sọ èkejì di fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn náà ò wáyé. Títí dòní, àwọn tó sanwó wo àkọ́kọ́ ò tíì rí òpin rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ gbèsè gbé nìyẹn.

Ẹ má wá rò pé àṣà òyìnbó nìkan ni o. Èkó ti ń gé ìtàn sí wẹ́wẹ́ tipẹ́tipẹ́. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà láti ọwọ́ obìnrin kan tó ti jayé orí ẹ̀ rí, tí àìsàn wá dá gúnlẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà padà sí ìwé ìròyìn náà. Àwọn mìíràn gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kó dùn ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan tó ń fún èèyàn: àṣírí kan, ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀rín kan. Lẹ́yìn náà, ìtàn ọ̀hún parí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní odindi ìwé lọ́dún 1930. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí ìparí rẹ̀.

Ẹ wá padà sí Ìgànmú tiwa. Ilé ńlá tá à ń pè ní National Theatre, tó dà bíi fìlà sójà téèyàn bá ń wò ó látòkèèrè, wọ́n ṣí i lọ́dún 1976, kí FESTAC tó wáyé lọ́dún 1977. Gbọ̀ngàn tó tóbi jù níbẹ̀ gba èèyàn bíi 5,000. Láyé ìgbà yẹn, pàápàá lásìkò ọdún, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń lọ wo fíìmù Yorùbá. Ẹni tó wọ mólúè láti Mushin, tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tó di ìrẹsì sínú kúlà, kò ṣeé sọ fún pé kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kó wá wo bí ìjà ṣe parí. Ìjà Òmìnira tọdún 1979, tí wọ́n gbé jáde látinú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, odindi ìwé ló wọnú fíìmù kan. Ògúndé náà ṣe Ayé, ó sì ṣe Jáyésinmi tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Ayé ti ní òpin tiẹ̀ kí Jáyésinmi tó bẹ̀rẹ̀.

Fídíò ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní àwọn ọdún 1990, kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àwọn èèyàn sì jókòó sí pálọ̀ wọn. Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta lọ́dún 1993. Lọ́dún 1997, ó gbé Ó Le Kú jáde ní apá méjì. Ti Ó Le Kú yìí gan-an ló bá ọ̀rọ̀ tá à ń sọ mu, torí látinú ìwé ló ti wá, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde lọ́dún 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, ọmọbìnrin mẹ́ta ló sì wà níwájú rẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ẹni tó ti ka ìwé náà mọ bó ṣe máa parí, síbẹ̀ ó ṣì fẹ́ wo apá kejì. Kí ló fà á? Apá kìíní ti fún un ní ohun tó lè mú lọ sílé. Aṣọ àwọn ọmọge inú ẹ̀ nìkan, ìró kékeré àti bùbá, ó padà di ohun tí gbogbo obìnrin ń rán. Títí dòní, télọ̀ ṣì ń pè é ní Olékú.

Ṣùgbọ́n Ìdúmọ̀tà náà rí ọgbọ́n míì kọ́ nínú ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì méjì, owó méjì. Ìtàn tó yẹ kó parí láàárín wákàtí méjì, wọ́n á fi géètì tó ń ṣí, mọ́tò tó ń wọlé, àti alhájì tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fà á gùn. Mo rántí ọ̀kan tá a yá ní fídíò kílọ́ọ̀bù nígbà tí mo wà ní kékeré. Gbogbo apá kìíní, ọmọ tó sọnù ni wọ́n ń wá. Apá kejì dé, a tún fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ohun tá a ti wò ní apá kìíní. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde lọ sùn.

Orí YouTube ni ọjà náà kó lọ báyìí, ọ̀bẹ náà sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, wọ́n ní ìdí. Fídíò méjì á gba ìpolówó ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó ṣe apá kìíní á sì mọ̀ bóyá àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ kó tó tún náwó sí èkejì. Òṣèré ń gbowó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, onílé tí wọ́n lo ilé ẹ̀ náà ń gbowó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ jẹun.

Àmọ́, àwa náà ń náwó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé káwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ra dátà ní Orílé láti fi wo fíìmù lálẹ́, owó oúnjẹ ọ̀sán ló ń yọ nínú ẹ̀. Tó bá wo wákàtí kan àbọ̀ tí ìtàn já mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má pe ìbínú ẹ̀ ní ìwà ọmọdé.

Ẹnì kan á ní, ṣebí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe Aníkúlápó lọ́dún 2022, ó sì tún gbé Rise of the Spectre tẹ̀lé e lọ́dún 2024? Ìyẹn yàtọ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ mú Sáró dé òpin ọ̀nà tó yàn. Ẹni tí kò bá wo èyí tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ìtàn tó ti parí tí wọ́n tún fi nǹkan kún, ẹ̀bùn nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n já láàárín ni gbèsè.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gé ìtàn. Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún wa ká tó sanwó. Nígbà tí Wicked jáde lọ́dún 2024, Wicked lásán ni wọ́n ń pè é nínú ìpolówó. Ìgbà téèyàn ti jókòó tán nínú òkùnkùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú fíìmù pé apá kìíní ni. Apá kejì dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 o, wọ́n san gbèsè náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yáwó lọ́wọ́ èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí apá kìíní dáhùn ìbéèrè kan, ó kéré tán. Ẹ lè fi èyí tó tóbi jù pa mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ òfìfo rán wa lọ sílé. Ìkẹta, ẹ dá ọjọ́. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́. Bí owó apá kejì ò bá tíì sí nílẹ̀, ẹ ṣe ìtàn tó lè parí nínú ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tí ìtàn kúkúrú pa rí.

Àwa olólùfẹ́ náà ní iṣẹ́ tiwa. Òṣèré tẹ́ ẹ bá pàdé ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù kọ́ ló gé fíìmù, ẹ yéé bú u. Ẹni tó gbé e jáde ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá sì ti jẹ yín ní gbèsè lẹ́ẹ̀kan tí kò san, ẹ dúró kí apá méjèèjì jáde kẹ́ ẹ tó tún fi dátà yín ṣòfò.

Mò ń sọ èyí torí pé nǹkan ń ṣí padà. Wọ́n ti tún ilé Ìgànmú yẹn ṣe, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pẹ̀lú orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó ń ti Marina lọ sí Mile 2 ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀nà ti wà, ilé ti wà, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fíìmù Yorùbá sì kún ìgboro. Ohun tó kù ni ìgbẹ́kẹ̀lé, òun nìkan ni wọn ò lè fi kọntirákítọ̀ tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ká wọ rélùwéè wá wo fíìmù òun, kó jẹ́ ká ti mọ̀ láti ilé bóyá ìtàn náà máa parí ká tó wọ rélùwéè padà.