Bí Ẹsẹ̀ Bá Ń Ta Lẹ́yìn Oògùn Jẹjẹrẹ

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá parí ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, tí gbogbo ẹbí sì ti dúpẹ́, ó lè yà yín lẹ́nu pé kò lè dé bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń kú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o bí ẹni tí ó tẹ ẹyin iná, pàápàá ní òru. Kì í ṣe pé ó tẹ oògùn ọ̀tá mọ́lẹ̀. Àwọn oògùn kan tí a fi ń pa jẹjẹrẹ, bí paclitaxel, vincristine, cisplatin àti oxaliplatin, a máa pa iṣan ìmọ̀lára lára. Iṣan tí ó gùn jù lọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ìdí nìyí tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́.

Àwọn onímọ̀ físíò ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní TENS. Bátìrì ni ó ń lò. Wáyà jáde láti ara rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ tí ń lẹ̀ mọ́ ara sì wà lẹ́nu wáyà náà. Iná mànàmáná díẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń rìn lára bí èèrà. Bí ẹ bá fi orókún gbá àga, kí ni ẹ kọ́kọ́ ń ṣe? Ẹ ó fi ọwọ́ ra á. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé pé bí ẹnu-ọ̀nà kan wà nínú ògóóró ẹ̀yìn tí ìrora ń gbà lọ sí ọpọlọ, ìmọ̀lára mìíràn sì lè ti ilẹ̀kùn náà. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń gbìyànjú láti ṣe nìyẹn.

Ó ń dín ìrora àwọn kan kù. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹlòmíràn. Kì í tún iṣan tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Nínú ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020, oògùn duloxetine nìkan ni wọ́n rí ẹ̀rí tí ó tó fún lórí ìrora yìí. Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá lóyún, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù sí láyà, kò gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, iwájú ọrùn, tàbí ibi tí jẹjẹrẹ wà. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó ti kú pátápátá, nítorí ó lè jó ara kí aláìsàn má mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà iná ilé mọ́ yín lẹ́sẹ̀!

Ìyá kan tí mo bá pàdé ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná kí ó lè gbádùn. Awọ ẹsẹ̀ náà bó, kò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò fún aláìsàn. Ìyá yìí ti ń ní ìrora náà láti ìgbà tí ó ṣì ń gba oògùn, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra, ó ń bẹ̀rù pé dókítà yóò dá oògùn dúró. Dókítà lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá tètè gbọ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ṣíbí bá ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín, tàbí tí sálúbàtà ń yọ lẹ́sẹ̀ yín tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó tún fa oògùn mìíràn sí yín lára.