Ẹkún Lórí Ẹni Tí Kò Sí Láyé Rí

Ní alẹ́ Sátidé kan, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi nítòsí òpópó 79 ní Auburn Gresham, mo bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Bùrọ̀dá, wọ́n ti pa Aerith!"

Aerith kì í ṣe ènìyàn. Inú eré Final Fantasy VII, tí ilé-iṣẹ́ Square ti Japan gbé jáde ní 1997, ni ó wà. Nínú eré náà, bí ẹnìkan bá ṣubú lójú ogun, oògùn wà tí a fi ń jí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sephiroth fi idà gún ọmọbìnrin yìí, oògùn kò ràn án. Ẹni tí ẹ ti jọ rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kò ní í bá ọ lọ mọ́.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí bí àwa náà ṣe máa ń dákẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, bí ìtàn Mọ́remí bá dé ibi tí wọ́n ti fi Olúorogbo rúbọ.

Màmá Àgbà ti kú ní èṣí. Ìdánwò àti owó ọkọ̀ òfuurufú kò jẹ́ kí n lọ sin wọ́n, n kò sì sunkún. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ yìí ni mo jókòó sí tí omijé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ má fi ẹni tí ń sunkún nítorí eré ṣẹ̀sín o. Ẹkún kì í yan ọ̀nà tí yóò gbà jáde.