Àdúrà Òwúrọ̀ ní Ilé-Ìwé Àgùdà: Èdè Ta Ni, Ọmọ Ta sì Ni?

Kí aago mẹ́jọ tó lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àgbàlá ilé-ìwé náà ti kún. Àwọn ọmọ CI, tí wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, wà níwájú. Àwọn ọmọ CM2, tí ìdánwò CEP ń dúró dè, wà lẹ́yìn pátápátá. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan, ariwo rọlẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n fa àsíá orílẹ̀-èdè sókè, wọ́n kọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọmọbìnrin kékeré kan jáde láti inú ìlà, ó gun orí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, àyà rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo àgbàlá tẹ̀ lé e. Àwa tí a dúró lábẹ́ igi máńgòrò láti wò wọ́n, a kò mọ ìgbà tí ọwọ́ tiwa náà gbéra.

Ilé-ìwé Àgùdà kan ní agbègbè Kétu ni a ń sọ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí a rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ilé-ìwé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ṣábẹ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, láti CI títí dé CM2, ọdún mẹ́fà ni. Bóyá ni ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí ọmọ ń tún ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwa òbí a máa béèrè ipò tí ọmọ gbà nínú ìṣirò, a kì í sì í béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láti ṣáájú. Olùkọ́ ti bá àwọn ọmọ múra sílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì: ta ni yóò ka Ìhìnrere, ta ni yóò dá orin, ta ni yóò sọ ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn kíkà, wọ́n a dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a wá sọ ẹ̀bẹ̀ láti inú ara wọn, kí gbogbo wọn tó gba Àdúrà Olúwa àti àdúrà sí Màríà Mímọ́. Ní ọ̀sán gangan, agogo a tún lù fún Áńjẹ́lúsì. Nínú oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n a fi Rósárì kún un. Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, wọ́n a rin Ọ̀nà Àgbélébùú ní ọjọ́ Ẹtì.

Ibi ẹ̀bẹ̀ ni a fẹ́ dúró sí. Ní òwúrọ̀ tí a wà níbẹ̀, ọmọ CE2 kan ní kí Ọlọ́run bá òun mú bàbá òun padà wá láti Nàìjíríà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí ó ń sọ. Ìlà tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fohùn sí ní 1889 gba àárín ilẹ̀ Alákétu kọjá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni àwọn bàbá wa ti ń ré ẹnubodè kọjá lọ ṣe oko, lọ ṣòwò. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè náà ní oṣù Ògún 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, àwọn olùkọ́ sọ fún wa pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò jáde nínú ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ.

Gbogbo àgbàlá dá ọmọbìnrin náà lóhùn. Bí wọ́n ti ń tò wọ kíláàsì, a rí i tí ọmọ kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún mọ́ ọn, tí ó di aṣọ rẹ̀ mú. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọmọ náà ti ń gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, tí òun sì ń bá a wí gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ. A kò mọ ìdánwò tí ìbá ti sọ èyí fún un.

Àdúrà Àgùdà ti wà nílẹ̀ wa kí àwọn fadá tó dé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wá sí etíkun wa, tí wọ́n ń jẹ́ da Silva, de Souza àti Paraïso, ni a kọ́kọ́ pè ní Àgùdà, kí orúkọ náà tó di ti ìjọ. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero, ti ẹgbẹ́ SMA tí Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù Igbe 1861, ó bá àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí níbẹ̀. Ní 1864, ẹgbẹ́ náà dé Àjàṣẹ́. Èdè Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ouidah, nítorí òun ni èdè tí àwọn Àgùdà ń fẹ́, tí ó sì wúlò fún òwò. Kí a sì má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo Àgùdà ni ó jẹ́ Kátólíìkì. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà bí ìbejì, wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó.

Nígbà tí ìjọba Faransé fẹsẹ̀ múlẹ̀, èdè wọn nìkan ni a gbà láyè nínú kíláàsì. Àṣẹ ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé 1922 sọ ọ́ di dandan fún ilé-ìwé àwọn ẹlẹ́sìn pẹ̀lú. Àwọn àgbà wa rántí ohun tí wọ́n ń pè ní «symbole»: ègé igi, egungun tàbí ìkarahun tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, tí òun náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn kí ó lè rí i gbé fún. Ọmọ kọ́ láti fetí sílẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n katikísímù àti àdúrà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan: èdè ilé ni àwọn ajíhìnrere sábà máa ń fi kọ́ wọn, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọkàn. Fadá Francis Aupiais, tí ó dé Dàhòmì ní 1903 tí ó sì pẹ́ ní Àjàṣẹ́, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1925 ó dá ìwé ìròyìn «La Reconnaissance africaine» sílẹ̀ láti kọ nípa àṣà àti ìṣe ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1963, Ìgbìmọ̀ Fátíkàánì Kejì ṣí ilẹ̀kùn fún èdè àwọn ènìyàn nínú ìsìn gan-an.

Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé ní ilé-ìwé tí a lọ, èdè Faransé ni wọ́n fi ń gbàdúrà ní ọjọ́ mẹ́rin, tí Yorùbá sì ní ọjọ́ Ẹtì nìkan? A dúró títí di ọjọ́ Ẹtì náà kí a lè gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ Ajé, ìlà àwọn CI ń kùn bí oyin, wọ́n ń mú ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé bẹ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tí ó wú, ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe wú fún Ọlọ́run, débi pé olùkọ́ ní láti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá a dúró.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà dá wa lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣe òfìfo. Ó ní àwọn ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Máhì wà láàárín wọn, àwọn òbí kan sì ń sanwó kí ọmọ wọn lè gbọ́ Faransé láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ a sọ fún un pé ní Àjàṣẹ́, níbi tí Gùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé, èdè méjèèjì a máa dún nínú ilé Ọlọ́run kan náà, òrùlé rẹ̀ kò sì wó. Tí àwọn ọmọ Fọ̀n bá ní ọjọ́ tiwọn, tí àwọn ọmọ wa ní méjì, èyí tí ó kù tó Faransé, tí ó ní gbogbo wákàtí yòókù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì nira jù èyí lọ. Nínú ìlà CM1, ọmọkùnrin kan kò ṣe àmì àgbélébùú. Ó dúró ṣánṣán, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo iwájú. Mùsùlùmí ni, kò sì sí ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀, tí a bá ní ọjà, sọ fún wa pé òun mọ̀ọ́mọ̀ mú un lọ síbẹ̀ ni. Ọkàn òun balẹ̀ sí ibi tí wọ́n bá ti ń pe Ọlọ́run kí wọ́n tó ṣí ìwé. Òfin wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1990 ní kí ìjọba má ṣe ti ẹ̀sìn kan, ó gba ilé-ìwé ẹlẹ́sìn láyè lábẹ́ ìṣàkóso ìjọba, ó sì dá òmìnira ẹ̀rí-ọkàn lójú fún gbogbo ènìyàn. Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ kéde ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ 1965, nínú ìwé rẹ̀ lórí òmìnira ẹ̀sìn, pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ó lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ń lọ sí ilé-ìwé Àgùdà bákan náà, òfin 1944 ni ó sọ ìsìn àjùmọ̀ṣe ojoojúmọ́ di dandan ní ilé-ìwé ìjọba, tí ó sì fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn fadá ni ó yàn án.)

Ọmọ onísẹ̀ṣe ni ọ̀rọ̀ kì í sábà dára fún. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ babaláwo kì í ní ọ̀nà láti dúró bí ọmọ Mùsùlùmí ti dúró. Ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ pé ohun tí ó wà nínú yàrá bàbá àgbà jẹ́ ti èṣù, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Èṣù tiwa gan-an pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀ láti ilé-ìwé tirẹ̀. Olùkọ́ kan ní kí kíláàsì gbàdúrà fún àwọn tí ń gbé nínú òkùnkùn, gbogbo ojú sì yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá pẹ́ dé ti ń kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, tí yóò gba àdúrà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó wọlé. Àgbàlagbà ni lónìí, ó ń lọ sí Máàsì, ó sì ní bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà yẹn, orúnkún òun ni ó kọ́kọ́ ń rántí.

A kò rí irú ìyẹn ní ilé-ìwé tí a lọ. A sọ ọ́ nítorí pé àdúrà tí a fi jẹ ọmọ níyà kì í tètè di àdúrà mọ́, àwọn tí ń darí ilé-ìwé sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé wọn.

Àwọn kan lè ní kí a kúkú pa gbogbo rẹ̀ tì. Ilẹ̀ wa ti dán an wò. Lẹ́yìn tí ìjọba Kérékou kéde Marx àti Lenin ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú 1974, ó gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn, òfin «École nouvelle» sì jáde ní oṣù Òkúdu 1975. Ṣé àgbàlá wá dákẹ́ ní òwúrọ̀? Rárá o. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà rántí ìlà kan náà, àsíá mìíràn, àti ìkíni Ìyípadà tí ẹnìkan ń pè tí gbogbo ènìyàn sì ń dáhùn: wọ́n ti múra fún Ìyípadà, ìjà ń tẹ̀síwájú. Èyí tí ó yàtọ̀ ni pé kò sí ibi tí ọmọ lè dárúkọ bàbá rẹ̀ tí kò sí nílé. Lẹ́yìn Àpéjọ Orílẹ̀-Èdè ti oṣù Èrèlé 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí, ni ọ̀nà ṣí fún ilé-ìwé Àgùdà láti padà sí ọwọ́ ìjọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, a ń dágbére fún ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí agogo Áńjẹ́lúsì lù. Olùkọ́ CM1 jẹ́ Mùsùlùmí. Ó dá ọwọ́ dúró lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà láàárín ìka rẹ̀, ó dúró ní àárín ìṣirò títí àwọn ọmọ fi parí. Ó kọ nọ́ńbà tí ó kù. Lẹ́yìn náà ni agogo ìjáde lù, tí gbogbo wọn sì sáré lọ bá ìyá oníwàákyè lẹ́nu ọ̀nà.