Ṣé o mọ̀? Àwọn òrìṣà Róòmù ní ìlú Libreville

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá béèrè ṣéńjì lọ́wọ́ onítakisí ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, ti dárúkọ òrìṣà kan láìfura? Èrò ló ń dá owó ọkọ̀ níbẹ̀: á bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, á ní "Mont-Bouët, trois cents" (ọ̀ọ́dúnrún fáráńkì sí ọjà Mont-Bouët). Bí owó náà bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wakọ̀ lọ nìyẹn. Kí èrò wá na ẹgbẹ̀rún kan fáráńkì sí i, ariwo monnaie, ìyẹn ṣéńjì lédè Faransé, bẹ̀rẹ̀. Moneta ni àwọn ará Róòmù ń fi pe Juno, ìyàwó Jupiter. Ẹ̀gbẹ́ ojúbọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ owó, títí orúkọ òrìṣà fi di orúkọ owó.

Ọ̀sẹ̀ wọn lédè Faransé gan-an, òrìṣà ló kún inú rẹ̀. Lundi, ti òṣùpá. Mardi, ti Mars tó ni ogun, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tiwa. Jeudi, Jupiter, vendredi, Venus. Samedi yà sọ́tọ̀: Gẹ̀ẹ́sì fi ti Saturn sílẹ̀ fún un, Faransé ní tirẹ̀ mú ti Sábáàtì àwọn Júù.

Mercredi, Ọjọ́rú tiwa, wá ńkọ́? Mercury ló ni ín, òrìṣà oníṣòwò, arìnrìn-àjò àti olè (ẹni tó bá ní ó jọ Èṣù, n kò ní bá a jà). Ọjọ́ rẹ̀ ni Gàbọ̀n gba òmìnira, 17 August 1960. Ọjọ́ rẹ̀ náà ni àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ ààrẹ Ali Bongo, 30 August 2023. Augustus tó sì ni oṣù náà, ọba Róòmù ni. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà, bí Ṣàngó ṣe di tiwa.

Abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó ga jù wà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni orúkọ rẹ̀ ti wá: ní 1781, awòràwọ̀ William Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun kan, ó fẹ́ fi orúkọ King George sọ ọ́. Àwọn awòràwọ̀ yòókù kọ̀. Uranus ló padà jẹ́, òrìṣà ojú ọ̀run àwọn Gíríìkì. Ní 1789, Martin Klaproth ará Jámánì fi orúkọ yẹn sọ irin tuntun tó rí: uranium. Òun ni wọ́n ń wà ní Mounana, nítòsí Franceville, láti 1961 títí di 1999.

Ní 1972, àwọn Faransé ṣàkíyèsí pé uranium tó wá láti Oklo, ibi ìwakùsà kan níbẹ̀, kò pé. Uranium-235, irú èyí tí iná átọ́míìkì ń jó, tó yẹ kó jẹ́ 0.7202 nínú ọgọ́rùn-ún, 0.7171 ni wọ́n bá. Ta ló jí i? Kò sẹ́ni tó jí i. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, omi wọ inú àpáta, iná átọ́míìkì sì ràn fúnra rẹ̀, òun ló jó èyí tó dín. Bó bá gbóná jù, omi á hó gbẹ, iná á kú. Bó bá tutù, omi á padà wọlé, iná á tún ràn. Ẹnikẹ́ni ò sí láyé tó máa ṣọ́ ọ.

Iná yẹn bí plutonium, tí wọ́n fi orúkọ Pluto, òrìṣà ilẹ̀ àwọn òkú, sọ. Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ wá a lọ sí Oklo: plutonium ọ̀hún ti yí padà di uranium tipẹ́tipẹ́.